Okùn ìbọn olójú kan tàbí olójú méjì: èwo ló yẹ kí ẹ rà?

Okùn bàtà yín tú. Ráífù wà lọ́rùn yín, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti so bàtà. Bó bá jẹ́ okùn olójú kan (èyí tó kọ́ mọ́ ìbọn níbì kan péré) lẹ fi gbé e kọ́, ìbọn á fì síwájú, ẹnu rẹ̀ á gún ẹrẹ̀, ìdí rẹ̀ á sì máa wá àgbọ̀n yín kiri. Bó bá jẹ́ olójú méjì (èyí tó kọ́ mọ́ ọn níbi méjì) tí ẹ ti fà le sẹ́yìn, ẹ óò so bàtà yín tán, ẹ óò dìde, ìbọn ò ní kúrò níbi tó wà.

Ibi tí mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé irú okùn ìbọn wo ni kí òun rà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi ọkàn ro ìṣẹ́jú tí wọ́n máa yìnbọn nígbà tí wọ́n bá ń yan okùn. Bẹ́ẹ̀ wákàtí tí ẹ ò ní yin nǹkan kan ló pọ̀ jù, ìgbà yẹn gan-an ni okùn sì ń ṣiṣẹ́.

Olójú kan kọ́ mọ́ ìbọn ní ibì kan péré, lẹ́yìn ibi tí ọwọ́ ti ń di tírígà mú, níbi tí ara ìbọn ti pàdé ìdí rẹ̀. Okùn náà ká bí òrùka ńlá. Ẹ óò ki orí àti apá kan bọ inú rẹ̀, á dábùú àyà yín, ìbọn á sì máa rọ̀ níwájú pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀. Olójú méjì kọ́ mọ́ ìdí ìbọn, ó tún kọ́ mọ́ iwájú, nítòsí ibi tí ọwọ́ kejì ti ń gbá a mú. Òun ni baba okùn ìbọn, òun ni ọdẹ àti sójà ti mọ̀ látijọ́. Olójú mẹ́ta náà wà, àmọ́ okùn ara rẹ̀ pọ̀ jù, ó máa ń lọ́ mọ́ni lọ́rùn. N kò ní sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ohun tí olójú kan mọ̀ ọ́n ṣe

Ohun kan wà tí olójú kan ń ṣe tí olójú méjì ò lè bá a dù ú: gbígbé ìbọn láti èjìká ọ̀tún sí èjìká òsì. Ẹni tó fẹ́ yọjú níhà òsì ògiri láì kó gbogbo ara síta ní láti ti ìdí ìbọn sí èjìká òsì. Lórí olójú kan, kò sí okùn kankan níwájú tó máa dí i lọ́wọ́. Ìbọn á kàn kọjá níwájú àyà, ó parí. Lórí olójú méjì, okùn á há sí ọrùn tàbí sí apá, àfi bí ẹ bá kọ́kọ́ dẹ̀ ẹ́ tàbí tí ẹ yọ apá kan jáde nínú rẹ̀.

Ó tún dára fún ẹni tó ń wọ ọkọ̀ tó ń bọ́ sílẹ̀ lemọ́lemọ́. Kò gba àyè, kò kọ́ mọ́ ìlẹ̀kùn, ìbọn sì wà níwájú nígbàkigbà tí ọwọ́ bá fẹ́ ẹ.

Ṣùgbọ́n ìbọn kúkúrú ni gbogbo ìyìn yìí wà fún. AR-15, irú ráífù kan tó wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà, tí ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 16, bí ẹ bá fi olójú kan gbé e kọ́, ẹnu rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún. Ráífù ọdẹ tó gùn ju mítà kan lọ á máa gbá yín lójúgun. Gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ tún wà lórí ibì kan ṣoṣo. Ìbọn tí ẹ fi awò, iná àti ọta 30 sí lára kì í jìnnà sí kílógíráàmù 4, ẹ ò sì ní rí ibòmíì tí ẹ lè yí ẹrù yẹn sí ju gbùngbùn ọrùn lọ. Nígbà tó bá fi máa di wákàtí kejì, ẹ óò ti máa fi ọwọ́ kan gbé ìbọn náà sókè kí ọrùn lè sinmi. Kí wá ni ìwúlò okùn?

Ẹ tún gbìyànjú láti sáré pẹ̀lú rẹ̀. Mo ti ṣe é rí. Ìṣísẹ̀ kẹta ni ìbọn ti bẹ̀rẹ̀ sí fì bí agogo, ìgbà tó sì máa fi di ìkẹwàá, ó ti kan ibi tí ọkùnrin kì í fẹ́ kí nǹkan kàn. Àwọn kan á ní kí ẹ ra èyí tó ní rọ́bà nínú. Rọ́bà a máa gba ìjà fífà lójijì lọ́rùn, òótọ́ ni, àmọ́ ó máa ń mú kí ìbọn fò sókè fò sódò bí ẹ bá ti ń rìn kánkán. Ewu tó wà níbẹ̀ tún ju ìrora lọ: ìbọn tó ń fì kì í bi ẹnikẹ́ni kó tó kọ ẹnu sí ẹsẹ̀ ẹni tó ni ín tàbí sí ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ohun tí olójú méjì mọ̀ ọ́n ṣe

Olójú méjì tí mo ń sọ kì í ṣe èyí tí gígùn rẹ̀ kò ṣe é yí padà. Èyí tó ní etí ìfà ni mo ń wí: ẹ fa etí náà síhìn-ín, okùn á le, ìbọn á lẹ̀ mọ́ ara, ẹ fà á sọ́hùn-ún, á dẹ̀, ẹ óò lè gbé ìbọn sí èjìká. Ọwọ́ kan ló ń ṣe é, láìwo ibẹ̀. Vickers tí ilé iṣẹ́ Blue Force Gear ń ṣe wà lára àwọn tí wọ́n fi etí ìfà yìí mọ̀. Ẹni tó bá ti lo èyí fún ọjọ́ kan ṣoṣo kì í padà sí èyí tó ní láti dúró kó tó lè yí irin rẹ̀.

Fún ìrìn ọ̀nà jíjìn, kò sí ìjà níbẹ̀. Ẹ lè gbé ìbọn kọ́ ẹ̀yìn, ẹ lè fi dábùú àyà, ẹ lè fi kọ́ èjìká kan bí ọdẹ. Ọwọ́ méjèèjì ṣófo fún ohun tó bá yá. (Bó bá jẹ́ igi lẹ fẹ́ gùn, ẹ má gbé ìbọn gùn ún rárá. Ẹ yọ ọta, ẹ gòkè, kí ẹ tó fi okùn mìíràn fà á sókè.)

Nǹkan mìíràn wà tí olójú kan ò lè ṣe láéláé: kó ran yín lọ́wọ́ láti yìnbọn kó má gbọ̀n. Bí ẹ bá gba apá kọjá lábẹ́ okùn, tí ẹ sì yí i mọ́ apá lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó di iwájú ìbọn mú, okùn á le láàárín apá àti ìbọn, ìgbọ̀n ọwọ́ á sì dín kù gan-an. Ọmọ ogun Amẹ́ríkà lo okùn aláwọ kan tí wọ́n ń pè ní M1907 fún iṣẹ́ yìí. Ó ní òrùka awọ tí a ń fún mọ́ òkè apá, àwọn tó ń díje nínú ìyìnbọn ṣì ń lo irú rẹ̀ títí dòní.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan níbẹ̀. Bí ojú iwájú okùn bá kọ́ mọ́ ọ̀pá ìbọn fúnra rẹ̀, tàbí mọ́ nǹkan tó kan ọ̀pá, fífà okùn náà á yí ibi tí ọta ń bà padà. Bó bá jẹ́ ibi ìdìmú tí kò fara kan ọ̀pá ló kọ́ mọ́, ọkàn yín lè balẹ̀ dáadáa.

Àbùkù rẹ̀? Okùn rẹ̀ máa ń kọ́ mọ́ ẹ̀ka igi bí ẹ bá dẹ̀ ẹ́ jù, yíyí èjìká kì í sì yá bíi ti olójú kan. Èyí kejì yìí, ìdánrawò ló ń tán an.

Ẹ wo ara ìbọn kí ẹ tó sanwó

Ibí ni owó ti ń ṣòfò jù. Ráífù ọdẹ onígi sábà máa ń ní ìkọ́ kékeré méjì tí wọ́n fi súkúrù dè, ọ̀kan nísàlẹ̀ ìdí, ọ̀kan níwájú. Olójú méjì ni wọ́n fi ṣe é. Bí ẹ bá fi olójú kan kọ́ ìkọ́ ìdí yẹn, ìbọn á rọ̀ jìnnà sísàlẹ̀, kò sì ní wúlò fún yín.

Lórí AR-15, olójú kan nílò páànù irin kékeré kan láàárín ara ìbọn àti ọ̀pá tó gbé ìdí rẹ̀. Kí wọ́n tó lè pààrọ̀ páànù náà, wọ́n ní láti tú nọ́ọ̀tì tó dì í mú. Wọ́n máa ń fi irin gún etí páànù náà wọ inú àlàfo ara nọ́ọ̀tì kí nọ́ọ̀tì má baà yí fúnra rẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gún un padà lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹni tí kò bá gún un, ọjọ́ kan ni ìdí ìbọn máa bẹ̀rẹ̀ sí jì. Ẹ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ní ti ìkọ́, oníbọ́tìnnì ni mo fẹ́ràn: ẹ tẹ̀ ẹ́, ó wọlé, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó jáde. Àmọ́ bí iyanrìn bá há sínú ihò rẹ̀, àwọn bọ́ọ̀lù irin kéékèèké inú rẹ̀ kò ní jáde tán, ìkọ́ á dà bíi pé ó ti wọlé nígbà tí kò tíì wọlé. Nítorí náà, bí ẹ bá ti ki ìkọ́ bọ inú ihò tán, ẹ fà á tagbára-tagbára lẹ́ẹ̀mejì. Kí ẹ tún rí i pé ihò náà kì í jẹ́ kí ìkọ́ máa yí yípo, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ okùn á lọ́ bí okùn kànga.

Bí ọkàn yín bá pín sí méjì, àwọn kan wà tó ń di olójú kan, tó sì ń di olójú méjì, bíi MS4 tí ilé iṣẹ́ Magpul ń ṣe. Ẹ yọ ìkọ́ iwájú, ẹ fi kọ́ ara okùn lẹ́yìn, ó ti di olójú kan. Ọgbọ́n dáadáa ni, bí ìbọn yín bá ní ihò níbi tó yẹ.

Èrò tèmi: ọdẹ, ẹni tó ń ṣọ́ oko, ẹni tó ń lọ sí pápá ìdánrawò, olójú méjì pẹ̀lú etí ìfà. Ẹni tó ń fi ìbọn kúkúrú ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ tàbí nínú ilé tó há, tí kì í rìn jìnnà, olójú kan. Ẹni tó ń gbé ìbọn ìléwọ́ pẹ̀lú ráífù, olójú méjì náà ni, kí ráífù má baà dí ìbọn ìléwọ́ tó wà ní ìbàdí nígbà tó bá jù ú sílẹ̀.

Náílọ́ọ̀nù máa ń tètè gbẹ, ó sì máa ń yọ̀ lórí aṣọ. Awọ kì í yọ̀, àmọ́ ó ń fẹ́ òróró, ó sì ń ké bí ojo bá pa á. Òwú ń mu omi. Okùn tí ìbú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì kan àti ìdá kan nínú mẹ́rin tó fún ìbọn fífúyẹ́. Bí ìbọn bá wúwo, ẹ wá èyí tó ní fóòmù níbi èjìká. Irin tó ń dún kẹ̀kẹ̀ lára ìdí ìbọn máa ń lé ẹran, ẹ fi rọ́bà wé e.

Okùn tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí ẹ ti wọ̀n ọ́n, ẹ má tíì gé e. Ẹ wọ aṣọ tó nípọn jù nínú àpótí yín, ẹ gbé àpò sẹ́yìn, ẹ tún un wọ̀n. Lẹ́yìn náà lẹ tó lè gé e, bó bá sì jẹ́ náílọ́ọ̀nù, ẹ fi iná ìṣáná jó ẹnu rẹ̀ kó má baà tú.