Sikánà kékeré tó bá mi wá ìdí tí ọkọ̀ hybrid mi fi ń gbóná

Lórí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, mi ò tíì dé Ògèrè, ni iná pupa tó ní àwòrán ìwọ̀n ooru tàn níwájú mi. Hybrid tí mo ń wà, ọkọ̀ tó ń lo epo pẹ̀lú bátìrì ńlá, kò ní ọwọ́ géèjì tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbóná. Ìgbà tí nǹkan bá ti le ni iná yẹn máa ń tàn. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo pa ọkọ̀, mi ò sì fọwọ́ kan ìdérí radíétọ̀ títí gbogbo rẹ̀ fi tutù.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ bu omi kún ike tó rí, ó ní ó ti parí. Ike méjì ló wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ yìí: ọ̀kan fún ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan fún inverter tó ń yí iná bátìrì ńlá padà fún mọ́tò. Ti inverter ló bu omi sí! Ó tún ní ká yọ thermostat, ìyẹn ohun tó ń dí omi ẹ́ńjìnnì lọ́nà radíétọ̀ títí á fi gbóná tó, dànù, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún tòkunbọ̀ nítorí oòrùn ilẹ̀ wa. Mo kọ̀. Ẹ́ńjìnnì hybrid gbọ́dọ̀ gbóná dé ìwọ̀n kan kó tó lè máa pa ara rẹ̀ nínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ. Bí kò bá sí thermostat, á máa ṣiṣẹ́ ṣáá, epo tí mo torí ẹ̀ ra hybrid á sì máa jó lọ. Mẹkáníìkì kejì ní, "Ẹ̀gbọ́n, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ló lọ, ẹ jẹ́ ká tú u." Owó tó dá lé e ju owó oṣù mi lọ.

Ọjọ́ yẹn ni mo lọ ra sikánà yìí, ẹ̀rọ tó ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń sọ, ₦9,500. Kò ju páálí ìṣáná lọ. Abẹ́ sitiárì ni ẹ ó ti rí ihò rẹ̀, gbogbo ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní in. Bluetooth ló fi ń bá fóònù sọ̀rọ̀.

Ní òwúrọ̀, kí ẹ́ńjìnnì tó ṣiṣẹ́ rárá, omi ẹ́ńjìnnì wà ní 27°C, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé náà wà ní 27. Mo wá mọ̀ pé sẹ́ńsọ̀ ò purọ́. Nínú gosiló ní Challenge n'Ìbàdàn, ó dúró sí 91, nítorí bátìrì ló ń gbé wa rìn jù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe bọ́ sí márosẹ̀ tí mo sì tẹ iná mọ́ ọn, ó di 98, ó di 104, ó di 109. Mo dúró kíá. Kóòdù àṣìṣe tí sikánà gbé wá ni P261B, ìyẹn pọ́ǹpù omi.

Pọ́ǹpù yìí kò ní bẹ́líìtì, iná ló ń yí i, nítorí náà etí lásán kò lè mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ríwáyà kan tó mọ iṣẹ́ yẹ fíúsì àti orí wáyà rẹ̀ wò kó tó dá pọ́ǹpù lẹ́bi, mo sì fẹ́ràn ìyẹn gan-an. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó da kúláǹtì tuntun sí i, ó sì lé gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ojú ọ̀nà kan náà, 88 sí 93 ni mo ń rí báyìí. Ẹnikẹ́ni ò tú gásíkẹ́ẹ̀tì mi.

Mo fún sikánà náà ní 4 nínú 5. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà kò bá fóònù mi sọ̀rọ̀ rí, mo ní láti dá a padà. Kò sì lè ka sẹ́ẹ̀lì bátìrì ńlá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ya fọ́tò kóòdù kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ibi tí wọ́n ti ń pa á rẹ́, torí mẹkáníìkì a máa tètè tẹ̀ ẹ́. Ẹ jìnnà sí wáyà aláwọ̀ ọsàn, iná tó ju 200 volt lọ wà nínú rẹ̀. Ohun tó gba máàkì kan tó kù ni pé mo gbàgbé sikánà sínú ihò rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, ó sì fa bátìrì kékeré 12 volt gbẹ. Hybrid kì í jí bí bátìrì kékeré yẹn bá ti kú, bí bátìrì ńlá tiẹ̀ kún. Mo ti ń yọ ọ́ lálaalẹ́ báyìí, inú àpótí iwájú ni mo ń tọ́jú rẹ̀ sí.