Iṣẹ́ aṣojú pátẹ́ńtì: ọ̀nà Amẹ́ríkà tàbí ọ̀nà ilé?

Ọ̀dọ́ tó kàwé ẹ̀rọ ní FUTA níbí l'Àkúrẹ́, tó wá fẹ́ máa bá àwọn tó hùmọ̀ nǹkan tuntun gba pátẹ́ńtì, ìyẹn ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn lo ìhùmọ̀ wọn láìgbàṣẹ, ọ̀nà méjì ló sábà máa ń rí.

Ti Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ ń wọ èèyàn lójú, torí wọn ò béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́yà. Oyè sáyẹ́ǹsì tàbí ti ẹ̀rọ ni wọ́n ń wò, lẹ́yìn náà ìdánwò USPTO (iléeṣẹ́ pátẹ́ńtì ìjọba Amẹ́ríkà): ìbéèrè 100, wákàtí 6. Ó dùn létí, àbí? Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sí Ọ̀bà-Ilé, tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, kò lè forúkọ sílẹ̀. Àfi kó máa gbé ọ̀hún, kó sì ní àṣẹ ìjọba tó fàyè gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé àṣẹ yìí gan-an ló le ju ìdánwò lọ.

Nílé ńkọ́? Lọ́yà ló pọ̀ jù nídìí iṣẹ́ náà. Ọdún 5 fún ìwé òfin, bíi ti AAUA l'Àkùngbá, kí Law School tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó ti ní oyè tẹ́lẹ̀ lè gba Direct Entry wọlé, kó dín ọdún kan kù.

Tèmi ni pé ẹni tí kò ní í kúrò nílé kó gba ti òfin. Iléeṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ pátẹ́ńtì l'Abuja kì í yẹ ìhùmọ̀ wò fínnífínní bíi tàwọn Amẹ́ríkà, nítorí náà ilé ẹjọ́ ni àléébù ìwé tí a kọ láti fi gba pátẹ́ńtì ti máa ń hàn. Lọ́yà tó mọ ẹ̀rọ níbẹ̀ kò wọ́pọ̀ rárá.