Sínfónì Karùn-ún Beethoven: Èwo Ni Kí Ẹ Rà Nínú Àwo Mẹ́rin Yìí?

Bí ẹ bá wá Sínfónì Karùn-ún Beethoven, orin ọ́kẹ́sítírà alápá mẹ́rin, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwo tí yóò jáde á pọ̀ débi pé ẹ ò ní mọ èyí tí ẹ máa mú. Lábẹ́ púpọ̀ nínú wọn, wọ́n á ti kọ ìyára orin, kíì rẹ̀ (nóòtì tí orin fìdí lé, bíi C minor) àti bó ṣe máa ń rí lára ẹni; kọ̀ǹpútà ló sì sábà máa ń ṣírò wọn. Ohun mẹ́ta yẹn ni mo fẹ́ fi yẹ àwo mẹ́rin wò (orúkọ olùdarí ló ṣáájú, ti ọ́kẹ́sítírà tó darí ló tẹ̀ lé e): ti Carlos Kleiber pẹ̀lú Vienna Philharmonic (1974), ti Herbert von Karajan pẹ̀lú Berlin Philharmonic (1962), ti Otto Klemperer pẹ̀lú Philharmonia (1959), àti ti John Eliot Gardiner pẹ̀lú Orchestre Révolutionnaire et Romantique, tó jáde ní 1994.

Ẹ jẹ́ ká tètè kúrò lórí kíì. C minor ni Beethoven kọ ọ́ sí, C minor náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi bẹ̀rẹ̀. Apá kejì bọ́ sí A-flat major, apá kẹrin sì wà ní C major, nítorí náà bí ẹ bá rí C major lábẹ́ apá kẹrin, wọn ò ṣì í kọ. Bó bá jẹ́ E-flat major ni wọ́n kọ sábẹ́ apá kìíní, kọ̀ǹpútà ló ṣìnà: kíì méjèèjì ń pín nóòtì kan náà lò. Ìyàtọ̀ kékeré kan wà ṣá. Ọ́kẹ́sítírà òde òní máa ń fi nóòtì A, èyí tí wọ́n fi ń tún ohùn irinṣẹ́ ṣe, sí 440 Hz (ìgbọ̀n 440 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) tàbí kó lé díẹ̀; àwọn tó ń lo irinṣẹ́ irú ti ayé Beethoven, bíi ti Gardiner, sábà máa ń fi í sí 430. Ohùn á wálẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ìyẹn ò tó ohun tí ẹ máa torí ẹ̀ ra àwo tàbí kọ̀ ọ́.

Ìyára ni ọ̀rọ̀ gan-an wà. Ní 1808 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé sínfónì yìí jáde ní Vienna. Ní 1817, Beethoven tẹ àmì metronome rẹ̀ (ẹ̀rọ tó ń lù láti fi ìyára orin hàn) síta: mínímù, ìyẹn nóòtì onílù méjì, 108 ní ìṣẹ́jú kan fún apá kìíní. Eré burúkú nìyẹn, àwọn kan tiẹ̀ ní metronome rẹ̀ ló bàjẹ́, wọ́n sì ń jà lórí ẹ̀ títí dòní. Gardiner gba àmì náà bó ṣe wà, òun ló yára jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kleiber àti Karajan ń tẹ̀ lé e pẹ́kípẹ́kí: apá kìíní wọn lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú 7. Klemperer ò bá ẹnikẹ́ni sáré ní tiẹ̀, ó kọjá ìṣẹ́jú 8 dáadáa.

Ẹ má kàn wo iye ìṣẹ́jú o. Apá kẹrin Kleiber tó bí ìṣẹ́jú 11, ti Karajan bí 9. Ẹni tí kò bá mọ̀dí á ní Kleiber ló ń fà. Kò rí bẹ́ẹ̀: Kleiber tún ìbẹ̀rẹ̀ apá náà ṣe lẹ́ẹ̀kejì bí Beethoven ṣe kọ ọ́, Karajan fò ó. Bákan náà, kọ̀ǹpútà tó ń ka ìlù lè pe 108 ní 54 tàbí 216, nítorí kò mọ èyí tó yẹ kó kà.

Bó ṣe ń rí lára wá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ kan bí “ìbínú” ò lè gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ti Karajan ń dán, ó ń ṣàn, fayolíìnì ló gba iwájú. Ti Gardiner ní ẹ̀gún lára: okùn ìfun ẹran ló wà lára fayolíìnì, fèrè ń ké, ìlù timpani ń dún gbì. Ti Klemperer wúwo, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbànújẹ́. Ó rorò ni, ẹ ó sì gbọ́ fèrè onígi kọ̀ọ̀kan ketekete. Kleiber nìkan ló mú kí eré àti èémí wà pọ̀, tí ayọ̀ apá kẹrin fi dà bí ohun tí wọ́n jà fún kí wọ́n tó rí i.

Ti Kleiber ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, ní pàtàkì CD tí Sínfónì Keje wà lórí ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ìkejì, ẹ mú Klemperer tàbí Gardiner. Karajan ti sún mọ́ Kleiber jù, àyàfi bí ẹ bá fẹ́ gbogbo sínfónì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán nínú àpótí kan. Ẹ yẹ ọdún tí wọ́n gbà á sílẹ̀ wò, kì í ṣe ọdún tí wọ́n tún un tẹ̀: Karajan àti Berlin tún gba sínfónì yìí sílẹ̀ lẹ́yìn 1962, Klemperer náà ní ti 1955 tó jẹ́ mónò (ohùn ojú kan, kì í ṣe sítẹ́ríò).

Bó bá sì jẹ́ fáìlì lẹ fẹ́ rà, ẹ ṣí ìparí apá kẹta kẹ́ ẹ tó sanwó. Ìlù á máa rọra lù lábẹ́, apá kẹrin á sì bú jáde láìsí ìdádúró. Bí ẹ̀rọ yín bá dákẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, ẹ wá ibi tí ètò rẹ̀ ti lè so orin pọ̀, tàbí kí ẹ ra CD.