Ṣé ìlapa èrò ni, àbí àtúnkọ?

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní yunifásítì Ifẹ̀, bí wọ́n bá ní àròkọ láti kọ, á kọ́kọ́ la èrò wọn sílẹ̀ ní kókó-kókó. Àwọn mìíràn á kọ ohun tó bá wá sọ́kàn tán, wọn á wá tún un kọ.

Ìlapa èrò dára nínú ìdánwò, níbi tí àkókò ti kúrú. Ó tún bá àròkọ alárìíyànjiyàn mu, torí ó yẹ kó o ti mọ ìhà tó o wà kó o tó bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n lójú tèmi, àtúnkọ ló ń sọ ènìyàn di òǹkọ̀wé. Ká ní ọdún Ọlọ́jọ́ ni wọ́n ní kó o kọ nípa rẹ̀. Ìlapa èrò á ní kó o fi ìtàn ọdún náà bẹ̀rẹ̀. Bó o ṣe ń kọ ọ́ lọ, ó lè di ìpínrọ̀ kẹrin kó o tó kan adé Ààrẹ, tí Ọọ̀ni máa ń dé nígbà ọdún yẹn nìkan, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ rẹ sì ti máa gbóná. Nígbà àtúnkọ, gbé adé yẹn wá síwájú, kó o gé ìtàn náà kúrú. Kà á sí ọ̀rẹ́ rẹ létí, ibi tó bá ti ní "kí lo ní o sọ?", fàlà sí i. (Jọ̀wọ́, jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ ná kó o tó tún un kọ.) Àmì ohùn ló kẹ́yìn.

Àkókò ni ìṣòro ibẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ bá pọ̀ lọ́rùn rẹ̀, kó la èrò rẹ̀ ní ráńpẹ́, kó sì tún ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ nìkan kọ.