Yàrá Ìkàwé Archives ní Kaduna, fún Ẹni Tó Ń Wá Baba Tó Kú sí Kùsà Jos

Bí baba ńlá yín bá kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀ffà lọ sí Jos, tí àwọn àgbà ilé sì ń sọ pé ilẹ̀ ló ya lù ú ní kùsà tánganran (tin), Kaduna ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà lọ. Ẹ̀ka National Archives (ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba) tó wà níbẹ̀ ni wọ́n kó ìwé ìjọba Àríwá ayé òyìnbó sí. Ẹni tó ń bọ̀ láti Abuja lè wọ ọkọ̀ ojú irin ní Idu tàbí Kubwa, kó sọ̀ ní Rigasa.

Iṣẹ́ ńlá ni yàrá ìkàwé yìí ń ṣe fún ẹni tó bá mọ ohun tó fẹ́ béèrè. Ìwé atọ́ka kì í to fáìlì ní orúkọ òṣìṣẹ́. Ọ́fíìsì, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ àti ọdún ló fi ń tò ó. Nítorí náà, ẹ ti mọ ibi tó ti ṣiṣẹ́ (Bukuru, Barkin Ladi, Ropp tàbí Naraguta), ilé iṣẹ́ tó gbà á, àti nǹkan bí ọdún tó kú. Ẹ béèrè atọ́ka SNP 17, ti ọ́fíìsì Akọ̀wé Àríwá, àti JosProf, ti ọ́fíìsì ẹkùn Jos (Jos Province). Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ mú dání. Ẹ da nọ́ńbà fáìlì kọ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, torí bí nọ́ńbà kan bá yẹ̀, fáìlì ẹlòmíì ni wọn yóò gbé wá.

Ọdún 1941 ni kí ẹ fi pààlà. Ọdún yẹn ni òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó farapa tàbí tó kú sẹ́nu iṣẹ́ dé. Ṣáájú rẹ̀, iye òkú lẹ sábà máa rí. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ní láti mọ ẹni tí owó tọ́ sí, ibẹ̀ sì ni orúkọ ìyàwó, ọmọ àti ìlú ti lè jáde. Ẹ wá ọ̀rọ̀ náà "Workmen's Compensation" lára àkọlé fáìlì.

Bí ẹ bá rí "fall of ground", ohun tí ìdílé yín ń sọ gan-an nìyẹn. Wọ́n á máa gbẹ́ ìsàlẹ̀ ògiri ilẹ̀ kí tánganran, tí Hausa ń pè ní kuza, lè tètè jáde. Òkè á wá yọrí síta láìní ohun tó gbé e dúró, á sì ya lulẹ̀ lórí àwọn tó wà nísàlẹ̀.

Orúkọ ló máa ń ṣini lọ́nà jù. Akọ̀wé lè kọ Àyìnlá ní "Ainla", ó lè sọ Bákàrè di Abubakar, ó sì lè fi ìlú ṣe orúkọ baba: "Lawani Ilorin". Ẹ wo "Bayarabe" pẹ̀lú, Yorùbá ni Hausa ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣiṣẹ́ lábẹ́ agbaṣẹ́ṣe lè má sí nínú ìwé ilé iṣẹ́ rárá. Orúkọ ọ̀gá ẹgbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ wá.

Bó bá jẹ́ láàárín 1942 sí 1944 ni, ẹ má dúró lórí ìwé ìjàmbá nìkan. Japan ti gba Malaya, ìjọba sì fipá kó àwọn ènìyàn tó lé ní 100,000 lọ wa kùsà. Àìsàn pa púpọ̀ nínú wọn ní àgọ́, ikú bẹ́ẹ̀ kì í sì í wọ ìwé ìjàmbá. Fáìlì ìlera àti ti àgọ́ ni kí ẹ béèrè.

Ìwé kùsà èédú Enugu kò sí níbí, Archives Enugu ni kí ẹ lọ. Àwọn awakùsà 21 tí ọlọ́pàá yìnbọn pa ní Iva Valley ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1949 pàápàá, ìwé ìgbìmọ̀ ìwádìí Fitzgerald ni kí ẹ wò, kì í ṣe ìwé ìjàmbá.

Ẹ ya ọjọ́ méjì sọ́tọ̀, kí odidi ọjọ́ kan jẹ́ ti ìwé atọ́ka. Bó bá jẹ́ pé ẹ sanwó fún ẹni tó máa bá yín wá a, ẹ sọ fún un kó kọ́kọ́ ya fọ́tò èèpo fáìlì pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, kó tó ya ti ojú ìwé inú. Fọ́tò tí kò ní nọ́ńbà, kò sẹ́ni tó lè padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò.