Aránṣọ tó wọn ara mi lákọ̀tun: àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ rẹ̀

Iṣẹ́ tí mo ń yẹ̀ wò níhìn-ín ni ti aránṣọ kan tó yan àwọn obìnrin tó ti lé ní ogójì ọdún láàyò, tó máa ń wọn ara wọn lákọ̀tun, tó ń rán aṣọ tuntun fún wọn, tó sì ń tú èyí tí wọ́n ti ní tẹ́lẹ̀ tún rán. Èmi ti kọjá àádọ́ta ọdún, nǹkan oṣù mi sì ti dáwọ́ dúró. Òṣùwọ̀n kò fi bẹ́ẹ̀ sọ pé mo sanra sí i, síbẹ̀ síkẹ́ẹ̀tì tó bá mi mu rẹ́gí tẹ́lẹ̀ ti há mọ́ mi níkùn, ó sì tún tóbi jù mí lọ níbi ìdí.

Kò sí àwámárìdí nínú èyí. Bí họ́mónù estrogen bá ti ń dínkù lára obìnrin nígbà tí nǹkan oṣù bá fẹ́ dáwọ́ dúró, èyí tí ọ̀pọ̀ ń bá pàdé láàárín ọmọ ọdún 45 sí 55, ọ̀rá tí ara ń kó sí itan àti ìdí tẹ́lẹ̀ á wá máa kó jọ sí ikùn, iṣan á dínkù, ọmú á sì rọ̀ wálẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá lọ ra aṣọ tí nọ́ḿbà rẹ̀ fi ọ̀kan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ á rí àyè níkùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n èjìká aṣọ náà á já sórí apá, abẹ́ abíyá rẹ̀ á sì là sílẹ̀ gbàgà.

Ibi ìwọ̀n gan-an ni aránṣọ yìí ti fi hàn pé òun mọṣẹ́. Kò béèrè nọ́ḿbà aṣọ mi rárá. Ó ní kí n kọ́kọ́ wọ kọ́mú tó gbé ọmú dúró dáadáa, nítorí pé ibi tí ọmú bá wà ni dáàtì aṣọ, ìyẹn ibi tí wọ́n ká aṣọ tí wọ́n sì rán kí ó lè bá ara mu, yóò kọjú sí. Lẹ́yìn náà ó so rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ mi lára, ó ní kí n tẹ̀ sọ́tùn-ún, kí n tẹ̀ sósì, kí n tún nàró. Ibi tí rọ́bà náà sì fìdí kalẹ̀ sí ló kà sí ìbàdí mi. Iwájú rẹ̀ lọ sílẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ. Ó tún wọn mí lórí ìjókòó, nítorí pé ikùn máa ń fẹ̀ sí i bí ènìyàn bá jókòó, ohun tí kò sí télọ̀ kankan tó ṣe fún mi rí. Nígbà tó dé orí síkẹ́ẹ̀tì tí etí rẹ̀ máa ń ká sókè níwájú, kò fọwọ́ kan etí náà. Òkè, níbi ìgbànú, ló ti fi aṣọ kún iwájú, nítorí pé ikùn ló ń fà á sókè. Láti ìgbà náà ni etí síkẹ́ẹ̀tì náà ti dọ́gba yípo.

Ṣòkòtò tó rán fún mi ní rọ́bà lẹ́yìn nìkan, iwájú rẹ̀ sì tẹ́jú, tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi ní láti tú bọ́tìnì lábẹ́ tábìlì mọ́. Ní ti ooru òjijì tó máa ń mú àwọn obìnrin kan nígbà tí nǹkan oṣù bá ń dáwọ́ dúró, ó kìlọ̀ pé kí n yẹra fún polyester àti kọ́là tó fún ọrùn. Òwú ń fa òógùn ṣùgbọ́n kì í tètè gbẹ. Aṣọ ọ̀gbọ̀ ń yá gbẹ, ó kàn ń rún ni. Mo yan ọ̀gbọ̀. Kí ó rún!

Àléébù rẹ̀ kò kéré o. Ó fẹ́ràn aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ jù, àfi bí ẹni pé ikùn jẹ́ ohun ìtìjú tó yẹ kí a da aṣọ bò, bẹ́ẹ̀ sì ni aṣọ tó bá já wálẹ̀ gbọọrọ láti orí ọmú máa ń mú kí gbogbo ara fẹ̀ tó ọmú náà. A jiyàn lórí èyí títí ó fi gbà láti mú kí aṣọ náà fún mọ́ra díẹ̀ lábẹ́ ọmú. Ẹ̀dùn ọkàn mi tó tóbi jù ni ti gáùn aláwọ̀ dúdú kan tó tú láti fẹ̀ ẹ́: ojú rírán àtijọ́ yọ gbangba lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, nítorí pé ibi tó fara pamọ́ kò tíì ṣá bí ìyókù, ihò tí abẹ́rẹ́ dá síbẹ̀ kò sì dí. Ó yẹ kí ó ti sọ èyí kí ó tó fi abẹ fà á. Kì í sì í tètè parí iṣẹ́. Ẹni tó bá ní òde lọ́rùn kò gbọdọ̀ fi í ṣe ìgbẹ́kẹ̀lé.

Síbẹ̀ màá tún padà lọ bá a. Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ṣì ń ṣe ségesège kò gbọdọ̀ kó gbogbo aṣọ rẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan náà, torí ara rẹ̀ ṣì lè yí padà. Kí ó fi ṣòkòtò kan bẹ̀rẹ̀, kí ó sì sọ ọ́ yékéyéké pé kí wọ́n fi aṣọ sẹ̀ǹtímítà 3 sílẹ̀ nínú ojú rírán ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, èyí tí a lè tú fẹ̀ bó bá yá, nítorí pé bí kò bá sọ ọ́, wọ́n á gé e dànù.