Ìrora àkọ́kọ́ àti èyí tó tẹ̀lé e

Bí ẹsẹ̀ bá kọ òkúta, ìrora méjì ló máa ń dé báni. Ti àkọ́kọ́ á gúnni ṣáṣá, a sì mọ ojú ibi tó wà gan-an. Kò pẹ́ tí èkejì á fi dé, á máa ta, á máa jóni, gbogbo àyíká ibẹ̀ ni yóò sì máa roni.

Fọ́nrán iṣan ìmọ̀lára tí wọ́n ń pè ní A-delta ló ń gbé ti àkọ́kọ́. Ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bò ó ló ń jẹ́ kí ìròyìn sáré gba inú rẹ̀ lọ sí ògóóró ẹ̀yìn, ní nǹkan bíi mítà 5 sí 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Fọ́nrán C ló ń gbé èkejì. Kò ní ọ̀rá yẹn rárá, kì í sì í sábà yára ju mítà 2 lọ.

Fọ́nrán C yìí ló wù mí jù, nítorí ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀. Púrótéènì kan tó ń jẹ́ TRPV1 wà níbẹ̀, tó máa ń ṣí bí ilẹ̀kùn tí ooru bá kọjá nǹkan bíi 43°C. Èròjà capsaicin inú ata náà ń ṣí i, ìdí nìyẹn tí ata fi ń jóni lẹ́nu láìsí iná. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì David Julius àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kéde àwárí rẹ̀ lọ́dún 1997, ó sì wà lára ohun tó jẹ́ kí Julius gba Ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2021.

A-delta ló ń mú ká tètè fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n C ni kì í jẹ́ ká tún tètè fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀, kí ojú egbò lè ráyè san.